Bí Ilé Ọtí Àdúgbò Ṣe Ń Kógbá Sílé ní Biritéènì

Ní 2008, nǹkan bí 50,000 ilé ọtí àdúgbò, ìyẹn pub, ló wà ní Biritéènì. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti ku 39,000. Wọ́n máa ń ní bíà súpámákẹ́ẹ̀tì tó rọjú ló fà á, tàbí òfin 2007 tó lé àwọn amusìgá síta. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ló burú jù: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń ta ọtí kọ́ ló ni ilé.

Bó ṣe ń rí nìyí. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ni ilé, ayálégbé ń san owó ilé fún un, ó sì tún gbọ́dọ̀ máa ra bíà lọ́wọ́ onílé kan náà. Àgbá bíà tí ì bá rà ní ẹ̀dínwó níta, ọ̀wọ́n ni yóò rà á. Bí ọjà bá tà, onílé jèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá tà, owó ilé ò ní tìtorí ìyẹn dín. Ní 1989, ìjọba ní kí àwọn apọntí tó ní ju 2,000 pub lọ ta ìdajì èyí tó lé tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀ kúrò nínú àdéhùn bíà yìí. Wọ́n tà wọ́n lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í pọn ọtí, bíi Punch Taverns àti Enterprise Inns, fi owó yíyá kó wọn jọ. Ọrùn ayálégbé ni gbèsè yẹn já lé.

Ilẹ̀ tún wá ń wọ́n sí i, pàápàá ní Lọ́ńdọ̀nù, fúláàtì sì ń pa owó ju ọtí lọ. Ní oṣù kẹrin 2015, onílé pub Carlton Tavern ní Kilburn fi katapílà wó o láìgbàṣẹ. Kánsù Westminster ní kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì ṣí padà ní 2021. Ìdájọ́ tó dáa nìyẹn, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe fúláàtì nìkan ni wọ́n ń dà ṣá: àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ra pub Duke of Kent ní Old Kent Road, wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí.

Òfin 2011 kan gba aráàlú láyè láti forúkọ ilé tó ṣe wọ́n láǹfààní sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù. Bí onílé bá fẹ́ tà á, òfin náà fún wọn ní oṣù mẹ́fà láti wá owó. Ivy House ní Nunhead, nítòsí Peckham, ni pub àkọ́kọ́ tó wọ ìwé náà. Ní 2013, àwọn aládùúgbò yáwó, wọ́n sì rà á, ọ̀pọ̀ wọn sì ra ìpín ìdókòòwò nínú rẹ̀. Àwọn ló ni ilé báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń ra bíà.