Kámẹ́rà Aláìnídígí: Inú Àpò Ẹ̀wù Ló Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ẹ bá lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn tàbí Èkó lónìí, kámẹ́rà tí ẹ máa rí lọ́rùn ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni èyí tí wọ́n ń pè ní mirrorless, kámẹ́rà aláìnídígí. Ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe délé ayé. Wọ́n á ní wọ́n mú DSLR, kámẹ́rà díjítà onídígí gbàǹgbà ọjọ́sí, wọ́n yọ dígí inú rẹ̀ dànù, ó bùṣe. Èmi ò gbà. Kámẹ́rà pẹlẹbẹ inú àpò, èyí tí àwọn ọ̀gá onífótò máa ń fojú tín-ín-rín wò, òun ni ìyá tó bí i. Aládùúgbò lásán ni DSLR.

Mo ní kámẹ́rà àpò àti aláìnídígí nílé. Mo dà wọ́n délẹ̀ lórí tábìlì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo ń wo ẹ̀yìn wọn. Síkíríìnì wà lẹ́yìn èyí, ó wà lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí lẹ́ńsì ń rí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi hàn mí. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, méjèèjì á fúnra wọn wá fókọ́ọ̀sì, kí àwòrán lè mú. Kò sí dígí nínú ìkankan. Ìyàtọ̀ méjì ni mo rí: lẹ́ńsì ọ̀kan ṣeé yọ, ti èkejì kò ṣeé yọ, sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, sì kéré nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Ti kékeré kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Ti ńlá jẹ́ 36 sí 24. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ààyè tí ìmọ́lẹ̀ ń bà sí nínú ti ńlá ju ìlọ́po ọgbọ̀n ti kékeré lọ. Ìdí nìyí tí fótò abẹ́ kánópì lálẹ́ fi máa ń rí wínníwínní nínú kámẹ́rà àpò, tó sì máa ń mọ́ roro nínú ti ńlá. Ìyàtọ̀ náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ náà ni.

Ẹ wo nọ́ńbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn, 36 sí 24. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan ló ti wá. Wetzlar ni ká lọ bá a, ìlú kékeré kan ní Jámánì. Ilé iṣẹ́ Leitz wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe máíkírósíkóòpù, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí. Lọ́dún 1911 ni Oskar Barnack wá síbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn àtimáa rìn lọ sí orí òkè àti inú igbó láti ya fótò, ṣùgbọ́n asthma ń bá a fínra, mímí a máa nira fún un. Kámẹ́rà ìgbà náà sì rèé, àpótí igi ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ àti àwo gíláàsì tó wúwo. Ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun òkè tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀?

Mo ti ronú nípa ọkùnrin yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Lójú tèmi, àárẹ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bí kámẹ́rà yìí, kí ọgbọ́n orí tó dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdajì òkè ló ti jókòó lọ́jọ́ kan, tí ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, tó ń mí gúlegúle, tó wá bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí fótò ńlá fi gbọ́dọ̀ ti inú ẹrù ńlá jáde. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ló dáhùn, nítorí ẹni tó ń ti ilé awò bọ̀ mọ̀ pé ohun kékeré ṣeé sọ di ńlá bí lẹ́ńsì bá dára. Èyí tó dájú ni ohun tó ṣe. Ó mú fíìmù tí wọ́n fi ń ṣe sinimá. Lórí fíìmù sinimá, àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 18 sí 24. Barnack dà á dúbúlẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 24 sí 36. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, kámẹ́rà irin tó ṣeé kì bọ àpò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí dígí nínú rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, gbogbo nǹkan dúró. Ọdún 1924 ni Ernst Leitz Kejì tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é fún títà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń kọ àwọn kan lóminú. Lọ́dún 1925 wọ́n gbé e lọ síbi ọjà ńlá Leipzig. Leica ni wọ́n pè é: Leitz àti kámẹ́rà ni wọ́n so pọ̀. Max Berek ló ṣe lẹ́ńsì rẹ̀. Lẹ́ńsì náà kò ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé tì wọlé kí kámẹ́rà lè pẹlẹbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kámẹ́rà àpò tún fi ń jẹ́ kámẹ́rà àpò? Lọ́dún 1930 ni wọ́n wá jẹ́ kí lẹ́ńsì Leica ṣeé yọ, kí ènìyàn lè fi òmíràn sí i. Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Kámẹ́rà àpò ló kọ́kọ́ wà, lẹ́ńsì tó ń yí padà dé bá a níbẹ̀, dígí kò sì dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Àwọn kan á dárúkọ Vest Pocket Kodak ti ọdún 1912, tí àwọn ọmọ ogun gbé lọ sójú ogun. Kámẹ́rà dáadáa ni, mi ò bú u. Kò kàn bí ọmọ tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì.

Báwo wá ni dígí ṣe wọ̀ ọ́? Fíìmù ni ẹ bi. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó tán, nítorí náà ènìyàn kò lè ti ara fíìmù wo ohun tó fẹ́ yà. Wọ́n gbé dígí dábùú ẹ̀yìn lẹ́ńsì kó máa darí àwòrán sójú ayàwòrán. Tó bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Kine Exakta, kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ní Dresden ní Jámánì, gbé ọgbọ́n yìí wá sórí fíìmù Barnack lọ́dún 1936. Lọ́dún 1954 ilé iṣẹ́ Asahi ní Japan mú kí dígí náà máa padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, Nikon F sì dé ní 1959, ó gba ọjà lọ.

Bíbélì wa ní a ń ríran bàìbàì nínú àwòjìji, òun sì ni orúkọ tí àwọn àgbà ń pe dígí: ohun tí a fi ń wo òjìji ara wa. Àwòjìji kì í pa nǹkan kan mọ́. Kúrò níwájú rẹ̀, òjìji rẹ ti lọ. Àwòrán ní tirẹ̀, àwọn onímọ̀ kan sọ pé à-wò-rántí ni, ohun tí a wò tí a fi rántí. Àwọn ìyá kan nílẹ̀ wa nígbà kan rí, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fótò, wọ́n a mú èyí tó kù lọ bá ayàwòrán, á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé á wá jókòó pọ̀. Èyí ni iṣẹ́ àwòrán. Dígí inú kámẹ́rà kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Adènà ni, ó kàn ń fi ohun tó wà níta han onílé.

Nígbà tí dígí ń jọba, ìdílé kámẹ́rà àpò kò sùn. Yoshihisa Maitani, ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ Olympus, ṣe Olympus Pen ní 1959, Rollei 35 tẹ̀ lé e ní 1966. Konica C35 AF ti ọdún 1977 ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún ọjà. Kámẹ́rà àpò ni, kì í ṣe onídígí.

Èyí tó wá fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni Casio QV-10, ọdún 1995. Megapixel rẹ̀, ìyẹn iye mílíọ̀nù ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di fótò, kò ju 0.25 lọ, fótò inú rẹ̀ kò sì dára. Ṣùgbọ́n òun ló gbé síkíríìnì wá sẹ́yìn kámẹ́rà díjítà tí ará ilé lè rà, tí sẹ́ńsọ̀ ń fi ohun tó ń rí han ènìyàn tààrà. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ dígí adènà ti parí. Àwọn tó ń darúkọ Steven Sasson ti Kodak àti kámẹ́rà rẹ̀ ti ọdún 1975 kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kílò 3.6 nìyẹn wúwo, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì fi ń wo fótò rẹ̀.

Ní September 2008 ni Panasonic gbé Lumix G1 jáde, kámẹ́rà aláìnídígí àkọ́kọ́ nínú Micro Four Thirds, ètò sẹ́ńsọ̀ àti lẹ́ńsì tí òun àti Olympus jọ dá sílẹ̀. Wọ́n ṣe é ní ìrísí DSLR, pẹ̀lú iké lórí, iké yẹn ló sì ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Ojú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tí àwòrán ti mú jù láti fi rí fókọ́ọ̀sì, bí kámẹ́rà àpò ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. DSLR ní ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ fún ìyẹn, abẹ́ dígí ni wọ́n fi sí. Ẹni tó bá sì ní Olympus E-330, DSLR ti 2006, ti fi àwòrán hàn lórí síkíríìnì ṣáájú G1, kó rántí pé Casio ti fi ọdún mọ́kànlá ṣáájú rẹ̀.

Lọ́dún 2009, Olympus bí aláìnídígí tirẹ̀, E-P1. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ: Pen ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ kámẹ́rà àpò Maitani ti ọdún 1959. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo ní, èyí ló wù mí jù, torí ẹnu òbí fúnra rẹ̀ ló ti jáde.

Ìyókù kò pẹ́. Sony NEX dé ní 2010. A7 ní 2013, pẹ̀lú 36 sí 24 ti Barnack nínú rẹ̀. Canon àti Nikon gbé ti wọn tó ní sẹ́ńsọ̀ 36 sí 24 wá ní 2018. Láti ibi tí lẹ́ńsì ti so mọ́ kámẹ́rà dé fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀, Nikon F gba mìlímítà 46.5 nítorí dígí. Nikon Z gba 16. Fóònù ti gba ọjà lọ́wọ́ kámẹ́rà àpò.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń wá a kiri, wọ́n ní fótò rẹ̀ ní adùn tí ti fóònù kò ní. Àbúrò mi obìnrin lọ sóde ní Sátidé tó kọjá. Mo gbé èyí tó tóbi fún un, ó ní ó wúwo, ó mú kékeré, ó tì í bọ inú pọ́ọ̀sì, ó lọ.