Èwo Ló Dínwó Jù Nínú Méjèèjì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Irú ọṣẹ olómi kan náà wà nínú ike méjì. Ike kékeré gba 750 mílílítà, owó rẹ̀ jẹ́ 900. Ike ńlá gba lítà 2, owó rẹ̀ jẹ́ 2,500. Ṣebí èyí tó tóbi ló yẹ kó dínwó?

Ìdáhùn: Kò pọn dandan. A ò lè kàn gbé 900 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2,500, torí ohun tó wà nínú ike méjèèjì kò tó ara wọn. Ẹ sọ méjèèjì di lítà kan ná kí ẹ tó dá ẹjọ́. Ti ńlá rọrùn: ẹ pín 2,500 sí méjì, lítà kan jẹ́ 1,250. Ti kékeré gba sùúrù díẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan ni 750 mílílítà. Ẹ pín 900 sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan á jẹ́ 300. Ìdá mẹ́rin ló pé lítà, ìyẹn 1,200. Ike kékeré ló dínwó, ó sì fi 50 dín sí ti ńlá lórí lítà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 1998, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ iye owó kílò kan tàbí lítà kan mọ́ ọjà, yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń tà á. Òfin yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an. Kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó mọ ìṣirò nìkan ni ojú rẹ̀ á là nídìí ọjà.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe èènì lórí ọjà, ẹlòmíì yọ ìdá 20 kúrò lórí owó. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ká ní 100 gíráàmù jẹ́ 600. Ẹni tó ṣe èènì á fún yín ní 120 gíráàmù fún 600. Gíráàmù kan jẹ́ 5. Ẹni tó yọ owó á gba 480 fún 100 gíráàmù. Gíráàmù kan jẹ́ 4.80. Ẹ̀dínwó ni kí ẹ mú. Kí èènì tó lè bá a dọ́gba, àfi kó tó ìdá 25.

Ìbéèrè: Lítà epo kan ń gbé ọkọ̀ ẹnì kan rin kìlómítà 10, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń rin 20. Ẹlòmíì kúrò lórí 20 bọ́ sórí 40. Ta ló dín epo kù jù?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ á ní ẹnì kejì ni, torí 20 ló fi kún tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì rin kìlómítà 200. Lítà 20 ni ẹni àkọ́kọ́ ń jó tẹ́lẹ̀, 10 ló ń jó báyìí: lítà 10 ló kù sí i lọ́wọ́. Ti ẹnì kejì kúrò ní 10, ó di 5: lítà márùn-ún péré.

Epo là ń wá, kìlómítà la fi ń kà á. Ibẹ̀ lojú ti ń tàn wá. Ní Jámánì àti Faransé, lítà tí ọkọ̀ ń jó nínú 100 kìlómítà ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ kọ ti àwọn méjì yìí bẹ́ẹ̀: ẹni àkọ́kọ́ kúrò ní 10 bọ́ sí 5, ẹnì kejì kúrò ní 5 bọ́ sí 2.5.