Bí jíìnì ṣe ń kúrò lára ẹ̀wà oko bọ́ sára ẹ̀wà igbó

Ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà àti gbẹ̀gìrì ní ìbátan kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbìn. Ẹ̀wà igbó ni. Ó máa ń fà lórí koríko ẹ̀bá ọ̀nà, ó máa ń lọ́ mọ́ ọgbà, ó sì máa ń hù ní etí oko káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Hóró rẹ̀ kéré, ó sì le; bí èèpo rẹ̀ bá ti gbẹ, á là fúnra rẹ̀, á sì ta hóró náà dànù sílẹ̀. Lójú àgbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀wà oko, ṣùgbọ́n ara irú ẹ̀wà igbó bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ti ṣa ẹ̀wà oko yọ. Títí di òní, àwọn méjèèjì ṣì lè bára wọn bímọ, ọmọ tí wọ́n bá sì bí kì í yàgàn.

Ìbátan yìí ló fa ìbéèrè bóyá jíìnì lè bọ́ sára ẹ̀wà igbó, nígbà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà tí a yí jíìnì rẹ̀ padà ní 2019. Jíìnì ni àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí àti ìṣe rẹ̀ sí ọmọ. Ẹ̀wà náà, tí wọ́n sọ ní SAMPEA 20-T, jáde láti ọwọ́ àwọn olùwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti òkèèrè. Jíìnì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ wá láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ kan, Bacillus thuringiensis, òun ló sì ń mú kí ẹ̀wà náà pèsè èròjà tó ń ba ìfun ọmọ àfòpiná Maruca jẹ́. Ọmọ àfòpiná yìí ló ń wọ inú òdòdó àti èso ẹ̀wà lọ jẹ, níbi tó bá sì ti pọ̀, ó lè ba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún irè oko jẹ́.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni jíìnì fi ń rìn. Òdòdó ẹ̀wà máa ń là ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó sì máa ń padé kó tó di ọ̀sán. Kó tó là rárá, lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ ti sábà máa ń bà lé ojú abo rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí àlejò tó dé, ìgbéyàwó ti parí. Lẹ́búlẹ́bú náà wúwo, ó sì ń lẹ̀, atẹ́gùn kò lè gbé e lọ. Kòkòrò tó bá lágbára láti tẹ òdòdó náà ṣí, bíi oyin dúdú ńlá tí ń dá ihò sínú igi gbígbẹ, nìkan ló lè gbé e láti orí ìtàkùn kan dé òmíràn. Nítorí náà, hóró díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń ní baba àjèjì. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í ṣe òfo, pàápàá níbi tí ẹ̀wà igbó bá ti lọ́ mọ́ ẹ̀wà oko gan-an.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò kan oyin rárá. Ilẹ̀ Hausa ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ti ń wá, inú àpò kan náà sì ni ẹlòmíràn ti ń bu ti oúnjẹ àti ti irúgbìn. Ọkọ̀ ẹrù lè gbé jíìnì jìnnà ju bí oyin ti lè fò lọ.

Ká ní oyin kan ti ṣe é, tí ìtàkùn igbó kan sì so hóró tó ní jíìnì náà. Ọmọ àkọ́bí yìí kò jọ baba, kò jọ ìyá: èèpo rẹ̀ lè má là dáadáa, hóró rẹ̀ sì lè má le tó èyí tí yóò sùn nínú ilẹ̀ di òjò ọdún mìíràn. Bí òun náà bá bá ẹ̀wà igbó pàdé, bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò gba jíìnì náà. Bó ṣe ń lọ láti ìran dé ìran, àwọn ìwà ẹ̀wà oko yòókù á máa já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìtàkùn kan yóò fi wà tó jẹ́ ẹ̀wà igbó látòkè délẹ̀, àfi jíìnì kan ṣoṣo yẹn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n ń ka pípàdé yìí sí òpin ọ̀rọ̀. Àǹfààní tí jíìnì náà bá ṣe fún ewéko tó gbà á ló ń pinnu bóyá yóò tàn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003, sunflower igbó tó gba irú jíìnì apakòkòrò bẹ́ẹ̀ so hóró tó fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ní Colorado, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè gbára lé. Ti koríko pápá gọ́ọ̀fù tí wọ́n gbìn dánwò ní Oregon tún yàtọ̀. Atẹ́gùn gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dé kìlómítà 21, ṣùgbọ́n jíìnì tó ń gbé, èyí tí kì í jẹ́ kí oògùn apakoríko pa koríko náà, kò wúlò fún koríko igbó àyàfi níbi tí wọ́n bá ti ń fọ́n oògùn apakoríko glyphosate. Bí a bá fi èyí wo ẹ̀wà, ohun tó yẹ kí a bi ni bóyá Maruca ló ń dín ẹ̀wà igbó kù, tàbí ewúrẹ́, iná ìgbẹ́, ọ̀dá àti ọkọ́ àgbẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn wọ̀nyí ni, hóró àlékún tí jíìnì náà bá mú wá lè má ríbi hù sí.

Ó yani lẹ́nu pé àìlèpàdé ló fa gbogbo rẹ̀. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn àgbáyé tó wà n'Ìbàdàn, níbi tí oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 wà ní ìpamọ́, àwọn olùwádìí rí ìbátan ẹ̀wà kan, Vigna vexillata, tí Maruca kò rí gbé ṣe. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú un bá ẹ̀wà oko bímọ, kò ṣeé ṣe. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n wá jíìnì lọ sọ́dọ̀ kòkòrò àìfojúrí.

Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dín pípàdé náà kù. Wọ́n lè fi àyè sáàárín oko àti igbó, tàbí kí wọ́n fi jíìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí èèpo là, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa rìn, kí ewéko igbó tó bá gba ọ̀kan sì jìyà èkejì. Láti mọ̀ bóyá jíìnì ti kọjá, wọ́n máa ń gún ewé ẹ̀wà igbó sínú omi, wọ́n á sì ki pélébé ìwé àyẹ̀wò bọ̀ ọ́: ìlà méjì túmọ̀ sí pé èròjà tí jíìnì náà ń mú jáde wà níbẹ̀, ìlà kan pé kò sí. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ń sọ pé ìpàdé ti wáyé ni. Kí wọ́n tó lè mọ̀ bóyá ó ń tàn, wọ́n ní láti padà sí etí oko kan náà lọ́dọọdún, kí wọ́n sì ka iye ìtàkùn tó ní i mọ́ iye tí kò ní.