Lumen 15,000 lára páálí projector: ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún dà?

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta projector LED kéékèèké ní Computer Village n'Íkẹjà, tàbí kẹ́ ẹ wo ọjà kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Lumen 9,000. Lumen 15,000. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á ò sì ju ẹyọ kan lọ: "Bọ̀dá, èyí mọ́lẹ̀ ju tìyẹn lọ, ẹ ṣáà wo nọ́ńbà ẹ̀."

Lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, nítorí náà èyí tí lumen ẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa mọ́lẹ̀ jù. Bí ọ̀pọ̀ ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn. Apá àkọ́kọ́ òótọ́ ni. Apá kejì náà ì bá jẹ́ òótọ́ ká ní òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Gbogbo ẹni tó ń ra gaàrí lọ́jà ló mọ̀ pé tí wọ́n bá ti fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò wọlé, kọ́ńgò náà ló ṣì máa jẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n gaàrí inú ẹ̀ ti dín. Ohun tí wọ́n ṣe fún lumen náà nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mú irọ́ náà lójú ẹsẹ̀, kó yí ádápítọ̀ ẹ̀rọ náà ká, kó wo iye iná tó ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré wọ̀nyí ò ju nǹkan bíi watt 60 lọ. Gílóòbù LED funfun tó dáa, watt kan ẹ̀ á máa mú nǹkan bíi lumen 100 sí 150 jáde. Ká tiẹ̀ ní gbogbo watt 60 yẹn ló ń wọnú gílóòbù, tí fáànù, spíkà àti bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ò jẹ nǹkan kan: 60 lọ́nà 150 jẹ́ 9,000. Lumen 15,000 ò lè jáde níbẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ tí wọ́n gbé gílóòbù ẹ̀ síta gbangba. Projector tó ń mú lumen 15,000 jáde lóòótọ́ wà o. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí, ó máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná tó sì ń jẹ ń lọ sí bíi watt 1,000. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kì bọ báàgì.

Gílóòbù nìkan sì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ projector LED olówó pọ́ọ́kú, LCD pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe àwòrán, ìmọ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ là á kọjá kó tó dé ara ògiri. LCD kì í ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ polarizer sẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Níbẹ̀, ohun tó ju ìdajì lọ ti ṣòfò. Èyí tó kù á bọ́ sọ́wọ́ àwọn ojú wínńdó kéékèèké aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Èyí tó pupa á jẹ́ kí pupa kọjá, á dá ìyókù dúró. Bẹ́ẹ̀ làwọn méjì tó kù náà ń ṣe, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tún lọ. Àwọn wáyà tín-ín-tín tó wà láàárín wọn á mú tiwọn, dígí á mú tiẹ̀, lẹ́ǹsì á mú tiẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá pín in tán, nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ló máa ń ṣẹ́ kù fún ògiri. LED tó ń mú lumen 4,000 jáde nínú ẹ̀rọ, nǹkan bíi 200 lẹ máa rí níta. Ooru ni ìyókù dà, òun náà ni fáànù ń pariwo lé lórí látìgbà tẹ́ ẹ ti tan ẹ̀rọ náà.

Nítorí náà, bí ẹni tó kọ páálí bá láàánú, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ló kọ síbẹ̀. Bí ò bá láàánú, ó kàn kọ nọ́ńbà tó wù ú.

Lumen tó ṣeé gbára lé ni èyí tí wọ́n bá kọ ANSI tàbí ISO mọ́. Àwọn àjọ tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀ ni méjèèjì. Ní 1992 ni ANSI ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà tiẹ̀ jáde. Ti ISO, tó jẹ́ ti àgbáyé, ni wọ́n ń pè ní ISO 21118. Ara ògiri ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Wọ́n á tan àwòrán funfun báláú, wọ́n á pín in sí àpótí 9, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí àárín àpótí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ro wọ́n pọ̀, wọ́n á pín in sí 9, wọ́n á wá fi bí ojú àwòrán náà ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ojú kékeré kan máa ń wà lókè fóònù Android, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà iwájú, tó ń mọ bí ibi tó wà ṣe mọ́lẹ̀ tó. Òun ló ń jẹ́ kí ojú fóònù rẹlẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Ẹ wá app tó ń jẹ́ lux meter, á máa ka ohun tí ojú náà ń rí fún yín ní lux, ìyẹn iye lumen tó ń bọ́ sórí ibi tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó. Tó bá dalẹ́, ẹ pa gbogbo iná, ẹ tan àwòrán funfun, ẹ máa sún projector síwá sẹ́yìn títí àwòrán náà á fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 133, tí gíga ẹ̀ á sì jẹ́ 75. Íǹṣì 60 nìyẹn láti igun sí igun. Mo mú íǹṣì 60 nítorí pé ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, kò ní sí pé à ń sọ nǹkan di púpọ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn fóònù ti ògiri, kí ojú ẹ̀ kọ projector, ẹ gbé e sí àárín àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá mú wá sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé igun máa ń ṣókùnkùn ju àárín lọ, ìdí tí wọ́n fi ní ká wọn ibi 9 nìyẹn. Bí àròpín ẹ̀ bá jẹ́ 180, lumen 180 lẹ rà. Ojú fóònù kì í ṣe irinṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ó lè fi díẹ̀ ṣì í, àmọ́ kò lè ka 9,000 ní 200.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Epson, iléeṣẹ́ tó ń ṣe projector, pe àwọn kan tó ń ta projector lẹ́jọ́ pé lumen tí wọ́n ń kéde kì í ṣe òótọ́. Epson náà ń tajà o, kì í ṣe nítorí Ọlọ́run ló ṣe ń jà, àmọ́ ẹ̀sùn tó mú lọ síbẹ̀ ṣeé fojú rí lára ògiri ẹnikẹ́ni.

Ká wá gbà pé ojúlówó nọ́ńbà ti wà lọ́wọ́ yín. Ibí gan-an ni mo rò pé owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò: wọ́n rò pé projector nìkan ló ń ṣe àwòrán. Projector ò lè ta dúdú sára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ní lọ́wọ́. Ibi tó bá yẹ kó dúdú nínú àwòrán, ńṣe ló kàn ń fa ọwọ́ ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn níbẹ̀, kò sì sí bí ibẹ̀ ṣe lè dúdú ju bí ògiri yín ṣe wà kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ náà. Bí ògiri bá funfun, tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, funfun yẹn ni irun òṣèré, òun náà ni òru inú fíìmù.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n tí ọmọ fi lè kàwé láìfún ojú, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á tó lux 300. Ẹ gbé projector tó jẹ́ ANSI lumen 200 síbẹ̀, kí àwòrán jẹ́ íǹṣì 60. Ibi tó funfun: 300 ti yàrá, 200 ti projector, ó di 500. Ibi tó dúdú: 300. Funfun ò tó ìlọ́po méjì dúdú. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ wá ti fèrèsé, kẹ́ ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn títí ìmọ́lẹ̀ yàrá á fi wálẹ̀ sí lux 5. Funfun di 205, dúdú di 5, ìlọ́po 41. Ẹ̀rọ kan náà ni, kọ́bọ̀ ò sì kúrò lápò ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí ẹni méjì fi máa ra ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n á máa bára wọn jiyàn nìyẹn. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ á ní kò sóhun tó dà bíi rẹ̀. Tíṣà tó gbé e wọ kíláàsì ní aago mọ́kànlá àárọ̀, níbi tí fèrèsé ò ti ní kọ́tìnì, á ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ.

Páálí kan náà á tún ní àwòrán ẹ̀ lè tó íǹṣì 200. Ó lè tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lumen 200 yẹn kì í bí sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sún ẹ̀rọ sẹ́yìn, fífẹ̀ ló kàn ń fẹ̀. Ní íǹṣì 60, nǹkan bíi lux 200 ló ń bọ́ sára ògiri. Ní íǹṣì 100, nǹkan bí 73. Ní íǹṣì 200, 18 péré. Ẹni tó bá ní kí àwòrán òun tóbi ní ìlọ́po méjì láti igun sí igun, ó ti pín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí mẹ́rin.

Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n fi ń ṣe irú eré yìí. Wọ́n á kọ "1080p supported". Ìyẹn ni pé fídíò 1080p lè wọnú ẹ̀. Bó ṣe máa jáde, LCD inú ẹ̀ ló máa pinnu, nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú sì rèé, 854 lọ́nà 480 ló pọ̀ níbẹ̀. Ojúlówó 1080p ní ojú àmì (pixel), àwọn tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán, tó lé ní mílíọ̀nù 2. Ti 480 yìí jẹ́ nǹkan bí 410,000, ìdá kan nínú márùn-ún. Bọ́ọ̀lù kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Téèbù tí tíṣà ìṣirò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí lẹ́tà ẹ̀ kéré, ibẹ̀ ló ti máa tú fó. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá lára páálí ni "native", nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé e ni ẹ bá ṣiṣẹ́. Ti pé LED ẹ̀ máa lo wákàtí 30,000, ẹ má jẹ́ kó fa ọkàn yín: bẹ́ ẹ bá ń lò ó fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ogún ọdún nìyẹn, ooru àti eruku á sì ti bá LCD àti polarizer jà kí LED tó rẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má rà á. Watt 60 yẹn kan náà tó tú irọ́ páálí fó ni ẹwà ẹ̀ nílẹ̀ wa. Projector onílámpù àtijọ́ máa ń jẹ watt 250 sí 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inverter kékeré tàbí sólà tí ò le rárá á gbé ti LED yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù dé ìparí, tí iná bá lọ. Fún ilé, lálẹ́, ní íǹṣì 60 sí 80, ANSI 200 sí 300 máa dùn ún wò. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tàn án níwájú yín pẹ̀lú iná ṣọ́ọ̀bù ní títàn, ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì tẹ̀yin alára sí i. Fídíò tí wọ́n ti tọ́jú sínú ẹ̀, tó kún fún òdòdó àti ẹja aláwọ̀ mèremère, ò sí dúdú nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi dán an wò.

Ti kíláàsì ojúmọmọ ló yàtọ̀. Níbẹ̀, ojúlówó lumen 3,000 sókè ni kẹ́ ẹ wá. Ní íǹṣì 80, ìyẹn á ta nǹkan bíi lux 1,700 sára ògiri, nínú yàrá lux 300 yẹn náà, funfun á fi bí ìlọ́po 7 ju dúdú lọ, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn á rí i. Owó ẹ̀ ò kéré. Bí ọmọ kíláàsì ò bá ju ogún lọ, tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 43 sàn ju projector LED kékeré lọ pátápátá, torí pé ojú tẹlifíṣọ̀n ti dúdú kí wọ́n tó tàn án. Tíṣà tó ń ti kíláàsì dé kíláàsì, tí ò lè máa gbé tẹlifíṣọ̀n kiri, kó ki àwòrán ẹ̀ mọ́ íǹṣì 40: lumen 200 á di bíi lux 450 níbẹ̀. Kó yan ògiri tó jìnnà sí fèrèsé, kó fi náílọ̀n dúdú bo fèrèsé tó sún mọ́ ọn, kó tẹ lẹ́tà ńlá dúdú sórí funfun, kó sì pe àwọn ọmọ wá síwájú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́.