Ìkìlọ̀ FBI lórí ráútà àtijọ́: kí ló kan ilé elérò púpọ̀ l'Ékòó?

Láti ìgbà tí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé àwọn ọ̀daràn ń gba àkóso ráútà àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé, nílé onílé, ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá. Ẹnì kan á ní Wi-Fi ló léwu, ẹlòmíì á ní kí gbogbo ayé lọ ju ráútà wọn sí ààtàn. Ohun tí wọ́n sọ kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kàn wá ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ohun tí àwọn ará òkè òkun ti pa tì ló ń dé ọjà wa gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, ẹni tó ń wá ráútà olówó pọ́ọ́kú fún ilé tí èrò pọ̀ sí ló sì lè rà á láìbéèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Kí ni FBI sọ gan-an?

Wọ́n ní ráútà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò bá tún sọ́fítíwíà rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ inú rẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, ṣe mọ́, ihò, ìyẹn àléébù, tí àwọn ọ̀daràn bá rí nínú rẹ̀ kò ní dí títí láé. Wọ́n dárúkọ oríṣi mélòó kan, Linksys E1200, E2500, E4200 àti WRT320N wà lára wọn. Wọ́n tún ní ráútà tó bá ti wà láti ọdún 2010 tàbí ṣáájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má rí àtúnṣe gbà mọ́. Sọ́fítíwíà burúkú kan tí wọ́n ń pè ní TheMoon ló ń wọ inú irú ráútà bẹ́ẹ̀, kò sì nílò páásíwọ́ọ̀dù yín kó tó wọlé. Àwọn ọ̀daràn wá ń ta ọ̀nà àbákọjá inú àwọn ráútà náà, kí ẹni tó rà á lè gba ibẹ̀ lo íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé òun ló ni ín, lórí ìkànnì méjì, Anyproxy àti 5socks. Owó tí oníbàárà ń san lóṣù nígbà náà bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 9.95 títí dé 110. Ìjọba Amẹ́ríkà ti gba ìkànnì méjèèjì lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ráútà tó ní ihò kò tìtorí ìyẹn di èyí tó dáa.

Ṣé Wi-Fi fúnra rẹ̀ ló léwu ni?

Rárá.

Ṣómólú ni mò ń gbé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ráútà mi ṣe?

Fọ́tò yín kọ́ ni wọ́n ń wá. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì yín ni, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ilé yín mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sanwó fún ọ̀nà náà lè jókòó sí ìlú òkèèrè, kó máa gbìyànjú láti wọ àkáǹtì báǹkì ẹni ẹlẹ́ni, kó máa lu jìbìtì, kó sì jẹ́ pé ilé yín ni ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ máa kọ́kọ́ dé. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kàn máa rojọ́ títí kí wọ́n tó gbà pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àlàyé pé "ráútà mi ni wọ́n lò" kò sì rọrùn láti ṣe níwájú ẹni tí kò mọ ohun tí ráútà ń jẹ́.

Èkejì ni dátà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà. Bí àlejò tí ẹ kò mọ̀ bá ń gba inú ráútà yín kọjá, dátà tí ẹ fi owó yẹn rà ló ń jẹ. Nínú ilé tí ọmọ mẹ́ta ti ń wo fídíò, ta ló máa fura? Àwọn ọmọ ni a ó máa bá wí.

Ṣé kí n má ra tòkunbọ̀ rárá ni?

Bí ẹ bá lè yẹra fún un, ẹ yẹra. Mo mọ̀ pé owó kò sí, mo sì mọ̀ pé ọjà tòkunbọ̀ tó dáa wà ní Computer Village n'Íkẹjà. Ṣùgbọ́n fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n, ẹ lè tàn án kí ẹ fi ojú yín rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ti ráútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè tàn, kó gbé Wi-Fi jáde, kí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan sọ́fítíwíà rẹ̀ kẹ́yìn.

Bí ẹ bá máa rà á náà, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú V1, V2 tàbí V3 (ẹ̀dà kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta) tó bá tẹ̀ lé e, nítorí ilé iṣẹ́ kan náà lè ti pa V1 tì kó ṣì máa tún V3 ṣe. Ẹ fi fóònù yín wá a lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, níbẹ̀ níwájú ọlọ́jà, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbé àtúnṣe jáde kẹ́yìn. Èmi kò ní ra èyí tó bá ti ju ọdún méjì lọ.

Ẹ wo ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 vólítì, tiwa jẹ́ 230. Bí wọ́n bá kọ 100-240V sára ṣájà náà, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, ẹ má kì í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ó máa jó. Àwọn ráútà kan tún wà tó jẹ́ wáyà kébù tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ihò roboto tí wọ́n ń yí wáyà mọ́ lẹ́yìn wọn kò bá fáíbà wa, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, mu, kò sì ní ibi tí SIM ń wọ̀. Ẹni tó bá tà á fún yín kò parọ́ pé ráútà ni, àmọ́ kò wúlò fún yín.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nílé wa. Irú èwo ló máa tó wa?

Ẹ má ka èèyàn, ohun èlò ni kí ẹ kà. Fóònù méjì lọ́wọ́ ẹlòmíì, láptọ́ọ̀pù, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu géètì, tábílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ: kì í pẹ́ tó fi ń tó ogún. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Wi-Fi 6, ìyẹn ìran kẹfà Wi-Fi, sí lára. Púpọ̀ nínú ráútà tó ṣáájú rẹ̀ dà bí olóúnjẹ tó ń dá oníbàárà kan lóhùn tán kó tó kọjú sí èkejì. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà á máa kùn. Wi-Fi 6, tó jáde ní 2019, lè dá ohun èlò mélòó kan lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù àtijọ́ ṣì máa bá a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ní Wi-Fi 6 nínú ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀ ní kíkún. Wi-Fi 7 ti dé láti 2024, owó rẹ̀ ṣì wọ́n, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa kò sì lè lò ó. Ẹ fi owó yẹn ra nǹkan mìíràn.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. AX1800 túmọ̀ sí pé wọ́n ro 574 Mbps (òṣùwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) ti ìgbì 2.4 GHz pọ̀ mọ́ 1201 ti ìgbì 5 GHz, ìyẹn ọ̀nà méjì tí Wi-Fi ń gbà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì sún un sókè díẹ̀. Kò sí fóònù kan tó máa rí gbogbo rẹ̀. Bí fáíbà tí ẹ ń san owó rẹ̀ bá jẹ́ 50 Mbps, 50 náà ni gbogbo ilé máa pín. Ráútà kò lè bí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò rà.

Èyí tí àńtẹ́nà rẹ̀ pọ̀ ńkọ́?

Ẹ má fi iye àńtẹ́nà ra ráútà.

Kí ló dé tí kì í dé yàrá ẹ̀yìn?

Bulọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án àti dẹ́kìn tí irin wà nínú rẹ̀ ń pa agbára Wi-Fi. Ìgbì 5 GHz yára, ṣùgbọ́n kò lè la ògiri púpọ̀ kọjá. 2.4 GHz ń rìn jìnnà jù ú lọ, kò kàn yára tó o ni. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Mushin, níbi tí ilé ti fara kan ilé, ráútà gbogbo àdúgbò lè máa du 2.4 GHz yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ wọ inú ètò ráútà yín, kí ẹ yan ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 tàbí 11, èyí tí èrò bá kéré sí jù, nítorí àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ gbé e sí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e sí torí pé ibẹ̀ ni ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Àárín ilé ló yẹ ẹ́, níbi tó ga, kó sì jìnnà sí fíríìjì, dígí ńlá àti táǹkì omi. Bó bá jẹ́ ilé alájà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fa wáyà lọ sókè, kí ẹ fi ráútà kejì síbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ògiri kó lè gba Wi-Fi kó tún un fọ́n ká sábà máa ń dín ìyára kù, torí afẹ́fẹ́ kan náà ló fi ń gbà tó fi ń fún.

Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Ẹ ra UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé iná fún un bí iná bá lọ, tí wọ́n ṣe fún ráútà. Ẹ kọ́kọ́ ka ara ṣájà yín bóyá 9V ni tàbí 12V, kí UPS náà bá a mu, kí ámpíà rẹ̀ má sì kéré sí ti ṣájà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fáíbà, ẹ rántí pé àpótí kékeré tí wáyà fáíbà wọ̀ náà ń jẹ iná. Bí ìyẹn bá kú, ráútà á máa tàn lásán ni.

Ráútà 5G tó ń lo SIM ńkọ́?

MTN bẹ̀rẹ̀ 5G nílẹ̀ yìí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Airtel ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òpópónà ló dé. Ẹ yá fóònù 5G, ẹ dúró nínú yàrá tí ráútà máa wà gan-an, kí ẹ dán an wò ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo.

Èyí tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá fún wa ńkọ́?

Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló ń tún sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe, ìgbà wo ni wọ́n sì ṣe é kẹ́yìn. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ń sanwó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti wọ inú tèmi?

FBI ní kí ẹ ṣọ́ra bó bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já ṣáá, tàbí bí ètò inú rẹ̀ bá yí padà láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yí i. L'Ékòó, oòrùn àti iná tí kò dúró sójú kan lè fa méjì àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má tètè bẹ̀rù. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ mú ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo fi ẹ̀kẹrin kún un: kí dátà máa tán nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Mi ò lówó tuntun báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo bóyá àtúnṣe sọ́fítíwíà wà fún un, kí ẹ gbà á. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ pa àyè tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà níta lè darí rẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹ wá pa ráútà náà kí ẹ tún un tàn. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù olùdarí kúrò ní "admin" tó bá a wá, kí ó gùn tó lẹ́tà 16 ó kéré tán, kó sì yàtọ̀ sí ti Wi-Fi tí gbogbo ilé mọ̀. Nínú ètò ààbò Wi-Fi, ẹ yan WPA3, tàbí WPA2 bí kò bá sí. Bí ó bá ní àyè àlejò (Guest), ìyẹn Wi-Fi ọ̀tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ará ilé, ibẹ̀ ni kí àwọn ayálégbé àti àlejò máa lò.

Ṣùgbọ́n bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí FBI dárúkọ, gbogbo èyí kò tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná lónìí, kí ẹ máa fi fóònù kan pín dátà fún ilé títí owó á fi wọlé, kí ẹ má sì tà á fún ẹlòmíì.