Ilé Kan, Títà Méjì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Owó Ilé Lọ Sókè

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ba àlàyé nípa owó ilé jẹ́, ì báà jẹ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ báǹkì ní Lọ́kọ́ja, ì báà jẹ́ lẹ́nu ájẹ́ǹtì ní Kàbà: "Lọ́dún tó kọjá, tí a bá pín in dọ́gba, mílíọ̀nù 7.8 ni wọ́n ń ta ilé níbí. Lọ́dún yìí, ó ti di mílíọ̀nù 12.6. Ilé ti gbówó lórí." Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́. Ó ṣe ìṣirò, ìṣirò rẹ̀ sì pé. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí ilé kan ṣoṣo nínú ìlú tí owó rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé.

Ẹ wo bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ilé 5 ni wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́. Mẹ́ta jẹ́ ilé kékeré alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, mílíọ̀nù 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì jẹ́ báńgálò oníyàrá mẹ́ta, mílíọ̀nù 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ mílíọ̀nù 39. Pín in sí 5, ó di 7.8. Lọ́dún kejì, ilé 5 mìíràn ni wọ́n tà, ṣùgbọ́n kékeré ku 1, báńgálò di 4. Kékeré ṣì ń jẹ́ mílíọ̀nù 3, báńgálò ṣì ń jẹ́ 15. Àpapọ̀ di 63, ìpíndọ́gba di 12.6. Owó ilé "fi nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún lé" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san ju iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ká fi ìpíndọ́gba sílẹ̀, ká to àwọn iye náà láti kékeré dé ńlá, ká mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìyẹn tilẹ̀ burú jù: iye àárín lọ́dún àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 3, lọ́dún kejì ó fò sí 15. Níbi tí wọ́n ti ń ta ilé rẹpẹtẹ, iye àárín máa ń ṣe dáadáa ju ìpíndọ́gba lọ, torí pé ilé ńlá olówó kan ṣoṣo kò lè fà á sókè. Àmọ́ àrùn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Irú ilé tó bọ́ sí ọjà ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n wá ń pè é ní owó ilé.

Kò sí ìyá tó ń ra iṣu lọ́jà Kàbà tí wọ́n lè fi èyí tàn jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé iṣu wẹẹrẹ ló pọ̀ lórí àtẹ lóṣù tó kọjá, tí àwọn àgbẹ̀ Bùnú wá kó iṣu gbọọrọ dé lóṣù yìí, owó tí wọ́n ń san lórí iṣu kan á lọ sókè lóòótọ́. Ẹni tó mọ ọjà kò ní tìtorí ìyẹn pariwo pé iṣu ti wọ́n. Á mú ọ̀kan lọ́wọ́, á wo bó ṣe tóbi tó, á sì bi ara rẹ̀ pé èló ni wọ́n ń ta irú eléyìí gan-an nígbà yẹn. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú wíwọn owó ilé ti wà nínú ìbéèrè yẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn lè rí iṣu méjì tó jọra, ṣùgbọ́n ilé méjì kì í jọra. Bí páànù wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí yàrá wọn sì dọ́gba, ọ̀kan á dojú kọ títì, èkejì á wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí mọ́tò kò lè dé nígbà òjò. Àmọ́ ilé ní ohun kan tí iṣu kò ní. Iṣu tí wọ́n bá ti rà, wọ́n á gún un, ó tán. Ilé lè padà wá sọ́jà.

Lórí èyí ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Bailey, Muth àti Nourse, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963. Karl Case àti Robert Shiller, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tún un ṣe lọ́dún 1987, wọ́n fi àwọn ilé tí wọ́n tà ní Atlanta, Chicago, Dallas àti San Francisco dán an wò, orúkọ àwọn méjèèjì sì ni wọ́n fi ń pe atọ́ka owó ilé (òǹkà tó ń fi bí owó ilé ṣe ń rìn hàn) tí àwọn oníròyìn ń kà jù ní Amẹ́ríkà títí dòní. Ohun tí ọ̀nà náà ń wá kò ju ilé tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀mejì lọ. A kò ní bi í pé yàrá mélòó ló ní, a kò ní wo bóyá táìlì wà nílẹ̀ rẹ̀. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ara rẹ̀.

Ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, ó yẹ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Ká ní wọ́n ta ilé kan ní mílíọ̀nù 4 lọ́dún 2015, wọ́n sì tún un tà ní mílíọ̀nù 6 lọ́dún 2019. Wọ́n ta ilé kejì ní mílíọ̀nù 10 lọ́dún 2017, wọ́n tún un tà ní mílíọ̀nù 12 lọ́dún 2019. Kò sí ilé kankan tí wọ́n tà ní 2015 tí wọ́n tún tà ní 2017. Ẹni tó bá bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí owó ilé láàárín ọdún méjèèjì yẹn, ó dà bíi pé kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí wà. Ilé àkọ́kọ́ sọ pé ohun tó jẹ́ 100 ní 2015 ti di 150 ní 2019. Ilé kejì sọ pé ohun tó jẹ́ 100 ní 2017 ti di 120 ní 2019. Bí 2019 bá wá jẹ́ 150, tí iye 2017 sì gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé kó tó di 150, a jẹ́ pé 125 ni 2017. Ilé méjì tí kò jọra, tí owó ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì ní 2019, pawọ́ pọ̀ sọ ohun tí ìkankan nínú wọn kò lè dá sọ.

Wàyí o, ẹ mú ilé kẹta wá. Mílíọ̀nù 5 ni wọ́n tà á ní 2015, mílíọ̀nù 6 ní 2017. Òun ní 120, kì í ṣe 125. Bóyá ara ń ni ẹni tó tà á lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló ti san àsanjù. Ìṣirò náà kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tí ilé bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí kálukú ń sọ tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá òǹkà kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ohun tí gbogbo ilé ń sọ, tí a bá kó o jọ, á kéré bó ṣe lè kéré tó. Case àti Shiller tún fi òye kan kún un: ilé tó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún un tà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀ mọ́, torí pé láàárín ogún ọdún, òrùlé lè ti jò, wọ́n lè ti la títì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ilé epo sì lè ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n dín agbára ẹ̀rí irú ilé bẹ́ẹ̀ kù. Ilé tí bàbá tà fún ọmọ ní owó ẹ̀bùn, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èyí tí wọ́n rà, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì tún tà kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìyẹn náà kò sí níbẹ̀.

Ohun kan tẹ̀ lé èyí tó máa ń mú kí àwọn èèyàn fura láìnídìí. Bí wọ́n bá tún ilé kan tà lónìí, tó sì jẹ́ pé 2015 ni wọ́n tà á kẹ́yìn, ẹ̀rí rẹ̀ á wọ inú ìṣirò, òǹkà ọdún 2017 tí wọ́n ti kéde tipẹ́ sì lè yí díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ti ń fọwọ́ dọ́gbọ́n sí i. Kò sí màgòmágó ńbẹ̀. Ẹlẹ́rìí tuntun ló wọlé. Òǹkà tí kì í gba àtúnṣe ló yẹ ká máa fura sí.

Ọ̀nà kejì gbajúmọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á tú ilé sí wẹ́wẹ́: èló ni yàrá kan ń fi kún owó rẹ̀, èló ni kànga ẹ̀rọ, èló ni ọgbà, èló ni títì ọlọ́dà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wo bí owó ilé kan tí àwọn nǹkan rẹ̀ kò yí padà ṣe ń rìn láti oṣù dé oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni báńkì Halifax ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1983, irú rẹ̀ náà ni ìjọba ibẹ̀ ń lò. Ó dára, kò sì nílò kí ilé padà wá sọ́jà. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè àkọsílẹ̀ púpọ̀ lórí ilé kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ sílẹ̀ kò sì lè wọ inú ìṣirò rẹ̀. Ti Halifax tún ní ààlà mìíràn: àwọn tó lọ yá owó ilé lọ́dọ̀ báńkì yẹn nìkan ló ń rí. Ẹni tó fi owó ọwọ́ ra ilé kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀wọ́ngógó ṣì wà ńlẹ̀. Òǹkà tí National Bureau of Statistics, àjọ oníṣirò ìjọba Nàìjíríà, kéde fún December 2024 ni pé owó ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè láàárín ọdún kan. Ilé tó ti mílíọ̀nù 10 di 13 láàárín ọdún yẹn, olówó rẹ̀ lè máa dunnú, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 13 náà kò lè ra ohun tí mílíọ̀nù 10 rà lọ́dún tó ṣáájú. Ó pàdánù. Piet Eichholtz, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Netherlands, fi èyí hàn kedere lọ́dún 1997. Ó lo ọ̀nà títà méjì yìí fún àwọn ilé etí odò Herengracht ní Amsterdam, láti 1628 dé 1973. Tí wọ́n bá yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò, nǹkan bí ìlọ́po méjì péré ni owó àwọn ilé yẹn fi ròkè láàárín ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350, ogun, àjàkálẹ̀ àrùn àti ìgbà ọlá sì wà láàárín rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń sọ pé owó ilé kì í wálẹ̀ yẹ kó ka iṣẹ́ yẹn.

Tí a bá wá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú dé Mọ̀pà, Ìyàrà àti Kàbà, ibi tí ọgbọ́n yẹn ti dùn jù náà ni á ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ilé kì í padà wá sọ́jà. Èyí tí bàbá kọ́ di ilé ẹbí. Gbogbo ọmọ ló ní in, ẹnì kan kò lè dá a tà. Èyí tí àwọn ará Èkó àti Àbújá ń kọ́ sílé, tí wọ́n ń wá sùn nínú rẹ̀ nígbà Kérésìmesì tàbí nígbà ìsìnkú, kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti tà. Ìwọ̀nba ilé tí wọ́n bá wá tà lẹ́ẹ̀mejì, ilé tó ní ìdí ni: gbèsè, àìsàn, ìjà ogún. Atọ́ka tí a bá fi irú wọn ṣe á máa sọ nípa ìdààmú àwọn tó tà wọ́n, á máa pe ara rẹ̀ ní owó ilé.

Ìwé náà tún jẹ́ ìṣòro. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, ó sì ní kí ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn gba àṣẹ. Àṣẹ yẹn ń gba owó àti àkókò, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ ìwé àdéhùn lójú lọ́yà àti àwọn àgbà ẹbí, wọ́n á tì í mọ́ àpótí, ó parí síbẹ̀. Iye tí wọ́n san gan-an kò dé ibi tí oníṣirò lè rí i.

Níbi tí òfo wà yìí ni owó sìmẹ́ǹtì ti ń gba ipò owó ilé. Àpò sìmẹ́ǹtì á wọ́n sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọbájànà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà, kò jìnnà sí Kàbà, gbogbo ènìyàn á ní ilé ti wọ́n. Ohun tó wọ́n ni kíkọ́ ilé. Ilé tó ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má ríbi tà ní iye tí wọ́n ná sórí rẹ̀, pàápàá ní ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń padà wá sọ́jà lọ́dọọdún ní gbogbo ìlú wọ̀nyí: yàrá tí wọ́n ń fi háyà. Yàrá àti pálọ̀ kan náà, láti ọwọ́ ayálégbé kan sí òmíràn, lánlọ́ọ̀dù kan náà, ògiri kan náà. Ní Lọ́kọ́ja, láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, ìwé ràsíìtì sì ń tẹ̀ lé wọn. Ìṣirò tí Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún títà á bá a mu láìsí àtúnṣe púpọ̀: èló ni yàrá yìí ní 2019, èló ló di ní 2023. Ká kàn ṣọ́ra láti ya ayálégbé tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti pẹ́ nílé, nítorí pé lánlọ́ọ̀dù kì í sábà fi owó kún ti ẹni àtijọ́ bó ṣe ń fi kún ti ẹni tuntun. Ìwé ràsíìtì àwọn ájẹ́ǹtì bíi mélòó kan, tí wọ́n bá kọ ọjọ́, iye àti àdúgbò sí i, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.