Jelly Roll Kings

Jelly Roll Kings jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń kọ bùlúùsì (blues), orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ní agbègbè Delta ní Amẹ́ríkà, níbi tí odò Mississippi ti pààlà sáàrin ìpínlẹ̀ Arkansas àti ìpínlẹ̀ Mississippi. Frank Frost ló ń fọn hàmóníkà, tó ń tẹ dùùrù, tó sì ń kọrin. Big Jack Johnson ló ń ta gìtá, Sam Carr ló sì ń lùlù. Láti 1962 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ń ṣeré, ṣùgbọ́n 1979 ni orúkọ Jelly Roll Kings tó hàn lára àwo wọn. Orúkọ Frost tàbí Nighthawks ni wọ́n ń lò ṣáájú ìgbà náà.

Wọ́n bí Carr ní 17 Oṣù Kẹrin 1926, nítòsí Marvell ní Arkansas. Robert Nighthawk, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá atagìtá Delta, ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ìdílé Carr ní àgbègbè Dundee, Mississippi, ló gbà á tọ́, ibẹ̀ ló sì ti rí orúkọ tó ń jẹ́. Frost kéré sí i ní ọdún mẹ́wàá. Auvergne ní Arkansas ni wọ́n ti bí i, ní 15 Oṣù Kẹrin 1936, ó sì lọ sí ìlú St. Louis nígbà tó tó ọmọ ọdún 15. Níbẹ̀ ni òun àti Carr ti pàdé. Ní 1954, wọ́n ń bá Nighthawk rìn káàkiri, lẹ́yìn èyí ni Frost tẹ̀ lé Sonny Boy Williamson kejì, ẹni tí ohùn rẹ̀ ti ń jáde lórí rédíò KFFA ní Helena, Arkansas, láti 1941. Atagìtá ni Frost jẹ́ nígbà yẹn. Sonny Boy ló kọ́ ọ ní hàmóníkà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè dára ju èyí lọ fún olórin Delta: kí ó jókòó ti ọ̀gá lálaalẹ́, kí ó máa wo bó ṣe ń mí.

Ìmí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ hàmóníkà bùlúùsì. Ihò mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀, ahọ́n idẹ tín-ínrín méjì sì wà fún ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún fífẹ́, èkejì fún fífà. Bí gìtá bá wà lórí ohùn E (lẹ́tà ni a fi ń pe àwọn ohùn orin), hàmóníkà ohùn A ni olórin bùlúùsì máa mú, kí àwọn ohùn tó fẹ́ lè wà níbi tí èèyàn ti ń fa èémí sínú. Ahọ́n tí à ń fà ní ihò ìsàlẹ̀ ló ṣeé tẹ̀ kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ yìí kan náà ló ń ba nǹkan jẹ́: idẹ á rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò ní bá ti gìtá mu mọ́. Ihò kẹrin àti ìkarùn-ún ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí náà olórin tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi kì í lọ sóde eré pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Frost àti Carr kó lọ sí Mississippi. Ní 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Lambert, tí wọ́n bí ní 30 Oṣù Keje 1940, bọ́ sórí ìtàgé pẹ̀lú wọn ní Savoy Theatre ní ìlú Clarksdale. Big Jack Johnson nìyẹn, kò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ yìí kì í ní ẹni tó ń ta gìtá bèésì, ìyẹn gìtá ohùn ìsàlẹ̀. Owó tí ilé jùúkù, ìyẹn ilé ọtí kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ti ń jó, ń san kò pọ̀, ẹni mẹ́ta sì ń pín in dáadáa ju ẹni mẹ́rin lọ. Johnson ní láti máa fi okùn tó nípọn ta ìlà ìsàlẹ̀, kí ó tún fi okùn tín-ínrín dáhùn orin. Bó bá gòkè lọ dá ta, ìsàlẹ̀ á ṣófo, àwọn tó ń jó á sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni dùùrù Frost àti ẹsẹ̀ Carr ti ń wúlò.

Ìlù Carr kò ju ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ tó ní wáyà lábẹ́, àti àwo idẹ méjì tí ẹsẹ̀ ń pa pọ̀. Ijó tí ó ń lù fún ni wọ́n ń pè ní ṣọ́fù (shuffle). Mẹ́rin mẹ́rin ni a ń ka orin náà; bí a bá pín ìkà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ẹyọ kìíní àti ìkẹta ni ọwọ́ máa ń lù, a ó fo ti àárín. Ìlù pẹlẹbẹ á sì dún gbàmù ní ìkà kejì àti ìkẹrin. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pín in dọ́gba, orin á wá le gbagidi bí ẹni ń yan. Ohun tó tún ṣòro níbẹ̀ ni pé ẹsẹ orin bùlúùsì sábà máa ń ní ìpín 12 (ìkà mẹ́rin ni ìpín kan), mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, ṣùgbọ́n akọrin Delta lè gé e kúrú tàbí kí ó fi kún un bí ọ̀rọ̀ bá ṣe dé ẹnu rẹ̀. Onílù tó ń kà á mọ́ra á ṣìnà. Ohùn akọrin ló yẹ kó tẹ̀ lé. Lójú ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ orin yìí, kò sí onílù Delta tó ta Carr yọ.

Àwo wọn àkọ́kọ́, Hey Boss Man!, jáde ní 1962 lábẹ́ Phillips International, iléeṣẹ́ Sam Phillips ní Memphis, ẹni tó kọ́kọ́ gba orin Elvis Presley sílẹ̀. Orin kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ "Jelly Roll King", òmíràn sì ń jẹ́ "Jack's Jump". Ní 1966, Scotty Moore, tó ti ta gìtá fún Presley rí, bójú tó iṣẹ́ Frost ní Nashville fún iléeṣẹ́ Jewel. "My Back Scratcher" dé ipò 43 lórí àtẹ orin R&B (rhythm and blues). Ní 1979, Earwig, iléeṣẹ́ àwo orin tí Michael Frank dá sílẹ̀ ní Chicago, gbé Rockin' the Juke Joint Down jáde fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ ojúmọ́ ló ń bọ́ ilé. Carr ń wa katakata lóko, Johnson ń wa tánkà epo. Bí ó ṣe di "The Oil Man" nìyẹn, orúkọ tó fún àwo tirẹ̀ ní 1987. Iṣẹ́ yìí ló so wọ́n mọ́ àdúgbò, òun náà ló sì mú kí ẹgbẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí èyí tí àìrí ìpè eré lé lọ sí ìlú mìíràn nínú wọn. Àmọ́ ó tún jẹ́ kí òkìkí wọn pẹ́ kó tó jáde.

Frost hàn nínú fíìmù Crossroads ní 1986. Wọ́n padà pàdé fún àwo Off Yonder Wall ní 1997 lábẹ́ iléeṣẹ́ Fat Possum. Frost kú ní Helena ní 12 Oṣù Kẹwàá 1999. Carr ń bá eré lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Delta Jukes títí ó fi di arúgbó, ó sì kú ní Clarksdale ní 21 Oṣù Kẹsàn-án 2009. Johnson, tó kéré jù nínú wọn, tó tún ń ta mandolíìnì, ló kú kẹ́yìn, ní 14 Oṣù Kẹta 2011.